Iná Tó Ń Jó Nínú Yàrá Tó Dákẹ́

                                                  Yàrá Kẹfà, Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kẹta,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
                                                  Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ,

Báwo ni o? Báwo ni ilé, báwo ni ọ̀nà, báwo ni iṣẹ́ aṣọ rírán? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tí yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti ń dẹwọ́? Màmá rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n á ti máa bínú pé n kò pè wọ́n láti ọjọ́ yìí wá. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọkọ mi ń kí ọ, ìyá ọkọ mi ń kí ọ. Ọ̀gá Kékeré náà ń kí ọ. Ó ti ń rìn báyìí, bàtà ẹnikẹ́ni kò sì ní ìsinmi mọ́ nínú ilé yìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí.

O ti pè mí títí, n kò gbé e. Má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí bí mo bá gbọ́ ẹ̀rín rẹ báyìí, ó ti parí, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́. Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ìròyìn ayọ̀ tí mo fún ọ nípa etí Ọ̀gá Kékeré, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi kò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Jọ̀ọ́, fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná, jókòó dáadáa, kí n rò ó fún ọ bó ṣe jẹ́.

O mọ yàrá iwájú wa, èyí tí oòrùn ọ̀sán máa ń gba inú aṣọ fèrèsé wọ̀, tí gbogbo ibẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí inú epo. Ibẹ̀ ni ọkọ mi kan tábìlì míkísà mi sí. Ìwọ náà mọ káfíńtà tó bá ń ṣe nǹkan fún ìyàwó rẹ̀: ó kàn án gígùn débi pé a ní láti gbé àga kan jáde kí tábìlì lè wọlé. Ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń gbé orin sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tó ń wá jó ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Àárín ọ̀sẹ̀ ni mo ń múra rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Àmọ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, òru ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló ń sùn. Àtìgbà tí a ti kó débí ló ti fi ẹ̀sọ̀ bẹ̀ wá pé ká má jẹ̀ẹ́ kí sípíkà dún lọ́sàn-án, àwa náà sì gbà. Hẹ́dífóònù ni mo fi ń ṣe gbogbo ìmúrasílẹ̀ mi.

N óò ní láti ṣàlàyé ẹ̀rọ míkísà náà díẹ̀ fún ọ, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Orin méjì ló máa ń wà lórí míkísà, èyí tí àwọn èèyàn ń gbọ́ lọ́wọ́ àti èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Orin kọ̀ọ̀kan ní kókó tirẹ̀ lókè tí mo fi ń wọn bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, torí orin mìíràn á ti ilé rẹ̀ pariwo wá, òmíràn á sì máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ìyàwó tuntun. Ẹ̀gbẹ́ kókó yẹn ni àwọn iná kéékèèké wà, wọ́n to ara wọn lérí. Bí ohùn bá ń gòkè, àwọn iná á máa tàn gòkè tẹ̀lé e. Àwọ̀ ewé ló wà nísàlẹ̀, àlàáfíà nìyẹn. Yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni adùn wà. Pupa ló wà lókè pátápátá, bí iná bá sì jókòó sí pupa, orin ti ń ya nìyẹn, àwọn àgbàlagbà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo etí. Lẹ́yìn èyí, kókó ńlá kan wà lápá ọ̀tún tí mo ń pè ní ẹnubodè. Kò sí orin tó máa dé sípíkà tí kò ní gba ẹnubodè kọjá. Bí mo bá tì í, yàrá dákẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n hẹ́dífóònù kì í gba ẹnubodè. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní kókó tirẹ̀, ó sì ní bọ́tìnnì tí mo fi ń yan orin tí mo fẹ́ gbọ́. Mo lè ti ẹnubodè pa gbọin, kí àwọn iná ṣì máa gòkè máa sọ̀kalẹ̀, kí orin sì kún orí mi fọ́fọ́. Ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó máa yé ọ. Aṣọ fèrèsé á máa mì díẹ̀díẹ̀, yàrá á dákẹ́, orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ á ti wà létí mi, àwọn iná á sì máa jó níwájú mi láìpariwo. Nígbà mìíràn, n kì í mọ̀ bóyá mo jókòó tàbí mo ń léfòó. Ọkọ mi ní bí òun bá bá mi báyẹn, òun máa ń yọ́ rìn kọjá bíi pé mo ń sùn. Mo fẹ́ràn àlá ojúmọmọ yẹn gan-an. Òun náà ló tàn mí jẹ.

O mọ gbogbo ìṣòro tí a ti ń bá bọ̀ lórí ọmọ yìí. A pè é, kò wẹ̀yìn. Ìkòkò já lulẹ̀ ní kíṣìnnì, àwa mẹ́ta fò sókè, òun ń fi ọmọọ̀ka tọ́ ojú bèbí rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó máa dá èèyàn lóhùn, pé títí di òní gan-an, ṣebí èmi náà rí i. A ti gba ọjọ́ nílé ìwòsàn etí, a kàn ń retí rẹ̀ ni. Àmọ́ ìyá kì í lè retí. Ojoojúmọ́ ni mò ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí mò ń lu ìdérí, tí mò ń fọn fèrè, tí mo wá dà bí wèrè nínú ilé mi.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, nọ́ọ̀sì ti gba ìsinmi, ó ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní lónìí, sípíkà á dún. Mo gbé Ọ̀gá Kékeré sórí àga gíga rẹ̀ níwájú tábìlì, mo so sípíkà mọ́ míkísà, mo fi orin kan tí ìlù rẹ̀ wúwo dáadáa sí i. Mo fi hẹ́dífóònù bo etí mi méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo yí ohùn orin náà sókè. Ìlù bọ́ sílẹ̀ gìdìgbà. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ náà la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká! Bí ìlù bá ṣe ń lọ ló ṣe ń mì. Mo yí ohùn wálẹ̀, ó dúró, ó ń wò. Mo yí i padà sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mo pa orin náà, ìwọ ni mo kọ́kọ́ pè, kódà kí n tó pe bàbá rẹ̀. Mo gbọ́ bí o ṣe ké, mo gbọ́ bí o ṣe ń sáré pe Màmá láti ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ bí Màmá ṣe ń kọrin ọpẹ́. Mo tún máa ń gbọ́ orin yẹn nínú oorun.

Ayọ̀ àyọ̀jù ni àkèré fi ń ṣẹ́ nítan. Ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi dé, wọ́n gbé gèlè àtàtà wé, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i. Mo fi wọ́n jókòó sórí ìjókòó gígùn, mo gbé hẹ́dífóònù mi wọ̀, mo sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀gá Kékeré jó. Èmi náà ń jó lórí ìjókòó mi. Ìyá ọkọ mi wò wá, wọ́n wo sípíkà, wọ́n tún wò wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo wá ń rò ó lọ́kàn mi pé kí ló dé tí àtẹ́wọ́ wọn kò bá ìlù mu, àwọn tí wọ́n mọ ijó jó.

Bí wọ́n ṣe jáde nílé wa, ilé oògùn ni wọ́n gbà lọ, wọ́n ra oògùn tí wọ́n ń kán sí etí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pe ọkọ mi sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Etí mi ti lọ o, ọmọ mi. Ọmọ ọwọ́ ń gbọ́ orin, ó ń jó, ìyàwó rẹ ń jó, èmi tí mo jókòó tì wọ́n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti kán oògùn títí. Má sọ fún ìyàwó ẹ o, kó má lọ máa pariwo mọ́ mi bíi pé mo ti di arúgbó."

Ọkọ mi kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n má kán oògùn náà mọ́. Nígbà tó délé, ó lọ síbi tábìlì, ó dúró síbẹ̀ títí. Ó wá pè mí. Ó na ọmọọ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè, kò fọwọ́ kàn án.

"Kókó yìí, ṣé ibi tó máa ń wà nìyí?"

Ẹnubodè wà ní títì pa. Kò kúrò níbi tí mo máa ń tì í sí láti ọjọ́ tí a ti kó débí. Orin tí mo gbọ́, orí èmi nìkan ló ti dún. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí nígbà tó rò fún mi nípa oògùn etí ìyá rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dì mọ́ tábìlì. Ìgbà tí ẹ̀rín náà tán ni ó wá yé mi. Iná ni ọmọ mi ń wò. Bí iná bá gùn, ó rẹ́rìn-ín. Bí iná bá wálẹ̀, ó dúró, ó ń retí rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkọ mi náà jókòó tì mí, ẹnikẹ́ni nínú wa kò tan iná yàrá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn láé. Ẹlòmíràn á kàn fi rédíò sílẹ̀ kó dún. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ni mo ti ara mi mọ́ inú orin, tí mo wá rò pé gbogbo ayé wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi.

Ọjọ́ ilé ìwòsàn pé. Obìnrin tó ń yẹ etí wò jẹ́ onísùúrù èèyàn, bàtà rẹ̀ kì í dún bó bá ń rìn. Ó mú wa wọ yàrá kan tí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ bo ògiri rẹ̀, ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ mímí ara mi. Ó fi hẹ́dífóònù kékeré bo etí Ọ̀gá Kékeré tó jókòó lẹ́sẹ̀ mi. Ó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, kókó ló wà níwájú rẹ̀! Kókó, bọ́tìnnì, àti iná kéékèèké tó ń gòkè. Ó ń yí ohùn sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú ọmọ, ó tún yí i. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi, mo sì mọ gbogbo ohun tó ń ṣe. Mo rí àwọ̀ ewé, mo rí yẹ́lò. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ó tó báyìí, wẹ̀yìn, jọ̀ọ́ wẹ̀yìn. Iná dé pupa, ó jókòó síbẹ̀. Èmi gan-an ti ń gbọ́ ohùn náà bó ṣe ń jò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré ń fi bọ́tìnnì aṣọ mi ṣeré.

Obìnrin náà yí ohùn wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bọ́ hẹ́dífóònù náà lórí rẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe, bí wọ́n ṣe bí i ni. Ó ní ẹ̀rọ etí lè jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan ńlá ń dún nítòsí, àmọ́ kí a má fi ọkàn sí i pé yóò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní ká tètè bẹ̀rẹ̀ èdè ọwọ́, torí ọgbọ́n orí ọmọ náà pé, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. A ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọkọ mi le bí pákó, bó bá ń sọ̀rọ̀, ṣe ló ń dà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ìyá ọkọ mi ló yára jù nínú gbogbo wa. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ bá mi jà nínú kíṣìnnì, wọ́n ní mo ti pẹ́ jù lórí omi gbígbóná.

Aago kékeré tó ń dún woroworo tí o rán sí i dé ọwọ́ wa lẹ́yìn tí a ti ilé ìwòsàn dé. Má sunkún o. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, torí pé ó ń dán. Ó máa ń gbé e sínú oòrùn.

Èmi ni n kò mọ ohun tí mo máa fi ara mi ṣe. Mo kó míkísà sínú páálí, mo kó hẹ́dífóònù lé e lórí. Mo rán ẹnì kan sí gbọ̀ngàn pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Kí ni mo ń fi orin ṣe? Kí ni n óò máa jókòó nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ mi fún, tí n óò máa jẹ adùn kan tí n kò lè bù fún un? Ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọkọ mi kò bá mi jiyàn. Tábìlì náà ló máa ń nù láràárọ̀, tábìlì òfìfo, bíi pé ẹnì kan fẹ́ jẹun lórí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló wá kan ilẹ̀kùn. Ó ti dé látọjọ́ yìí, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ojú rẹ̀ wú. Mo rò pé ariwo bàtà tí Ọ̀gá Kékeré ń jù kiri ló gbé e wá, mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá.

"Ìyá Ọ̀gá Kékeré, kí ló dé tí mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ yín mọ́? Àbí ara yín ò yá? Mi ò rí oorun sùn mọ́ o."

Ẹsẹ̀ wo? Ó ní ṣé n kò mọ̀ ni? Ó ní ní gbogbo ọ̀sán tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ mi, òun kì í gbọ́ orin, ẹsẹ̀ mi nìkan ni òun ń gbọ́ lórí àjà, gbì, gbì, gbì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pé òun máa ń dùbúlẹ̀ máa rò ó pé irú orin wo nìyí, oorun á sì gbé òun lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kàn ní bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí òun bá ń múra ibi iṣẹ́, òun ti jí, kí n jẹ́ kí sípíkà dún bó ṣe wù mí.

Ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán ọ. Bá mi sọ òtítọ́ fún Màmá, fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́. Ẹyin lohùn, èyí tí mo sọ fún yín ti fọ́, n kò lè kó o. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gba orin ọpẹ́ wọn padà, ọmọ náà ń fẹ́ ọpẹ́. Kí àwọn ìbejì fún mi, kí bàbá wọn, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ tó máa ń sùn sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí o bá ráàyè, wá sọ́dọ̀ wa. A óò kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé tìrẹ á ṣì pariwo.

Mo ti fẹ́ dákẹ́ báyìí, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ti àná tán. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo tú páálí náà. Mo to míkísà padà sórí tábìlì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, nítorí náà mo fi tówẹ̀lì bo gbogbo iná rẹ̀, kò sí èyí tó yọjú. N kò fi hẹ́dífóònù sétí. Mo gbé orin kan sí i, mo ṣí ẹnubodè fúnra mi, díẹ̀díẹ̀, títí mo fi gbọ́ tí gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, tí nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ nísàlẹ̀. Ọ̀gá Kékeré wà nílẹ̀, ó ń kó bàtà bàbá rẹ̀ lọ. Ó dúró. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ju bàtà sílẹ̀, ó rìn lọ sídìí sípíkà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara pákó rẹ̀, ó gbé ikùn tì í, ó tún gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, ó wá di ojú pẹ́kípẹ́kí. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè jáde. Ọmọ náà la ojú, ó wá bá mi, ó fa ọwọ́ mi títí a fi dé ìdí sípíkà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ara pákó náà, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè, ó ń wò mí lójú, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo gbọ́.

Èmi ni tìrẹ, lẹ́kún àti lẹ́rìn-ín,
Ìyá Ọ̀gá Kékeré.